Omi Àlùwàlá Sílífátù

Ẹ̀yin jámáà, kí Ọlọ́hun la etí inú wa. Wáàsí tòní kò gùn: ẹni tó ń fi omi ṣòfò ń dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún omi lò láìní ìmọ̀, àìsàn ló ń kó wọlé. Ṣé ẹ ń gbọ́?

Opó kan wà ní Ìwó, Sílífátù lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan mú débi pé ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fà nínú kànga. Ọgbà gbogbo ilé ń gbẹ, àfi tirẹ̀. Omi tó bá fi ṣàlùwàlá, omi tó bá fi ṣan aṣọ, ìdí ilá ló ń rọ ọ́ sí. Bó bá wo ilá náà, orí rẹ̀ a wú. Kí ló dé tí kò ní wú?

Alájì Lásísì, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lórí ògiri. "Ṣebí omi ìdọ̀tí náà ni! Èmi ò ní tèmi ni?" Kò béèrè o! Alájì ńlá, kó máa béèrè lọ́wọ́ opó? Ó kó gbogbo omi ilé jọ sínú dúrọ́ọ̀mù, títí kan èyí tí wọ́n fi fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ. Ó di ọjọ́ kẹrin, omi náà ń rùn, Alájì wọ́n ọn sórí ìwọ̀nba ewé létúùsì tó kù nínú ọgbà rẹ̀. Òun àti ará ilé rẹ̀ já a, wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù. Inú dà wọ́n láàmú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ dèrò ọsibítù.

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì ní mọ́ṣáláṣí, Alájì figbe ta: "Lèmọ́mù, àṣà Sílífátù fẹ́ pa ọmọ mi! Kí ẹnikẹ́ni má ra ilá rẹ̀ mọ́!"

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ilá tó ń tà náà ló fi ń jẹun, síbẹ̀ kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá gbé orí sókè.

"Alájì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Omi wo lẹ lò?"

Alájì sọ ọ́.

"Omi tó kan ìgbẹ́ kì í dé ọgbà mi, sà, nájísì ni, kò mọ́. Èyí tó ní oògùn ìfọṣọ líle, mo ń dà á nù. Omi mi kì í sùn mọ́jú. Ìdí igi ni mò ń rọ ọ́ sí, kì í kan ewé. Ohun tí a ó jẹ ní tútù, ìwọ̀nba omi kànga tó bá tòrò ni mò ń bu sí i. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ fún yín."

Alájì ṣí fìlà. "Sílífátù, mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Foríjì mí. Wá kọ́ ìyàwó mi."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alájì? Ẹ jọ wá."

Jámáà bú sẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yá. Lèmọ́mù sì fa ọgbà mọ́ṣáláṣí lé Sílífátù lọ́wọ́, kó máa bu omi àlùwàlá wa rin ín. Ẹ lọ wò ó!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìtìjú ìbéèrè tó ẹkún ọmọ lórí ibùsùn ọsibítù? Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ipò wa dí wa lọ́wọ́ ìmọ̀. Kó tọ́ wa sọ́nà, kó fi àlùbáríkà sí ìwọ̀nba omi tó fún wa. Àmín.