Tuwíìsì Tí Mo Jó ní Thamesmead

Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí oúnjẹ bá jinná, á gbé tèmi sórí tábìlì, á sì wọ yàrá lọ. Bí mo bá kí i, odi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi, baba ọdún méjìdínláàádọ́rin, alàgbà ìjọ, tó jẹ́ pé bí mo bá ti wọ sùtánà funfun mi, gbogbo ọ̀dọ́ á jókòó jẹ́ẹ́! Ijó ló kó mi sí i. Kì í sì í ṣe ijó ẹ̀mí o. Tuwíìsì ni.

Mọ́tò tó ń kó àwọn arúgbó lọ síbi ìgbafẹ́ wọn ní South Thamesmead ni mò ń wà. Kí n gbé wọn dé, kí n jókòó sínú mọ́tò títí wọn yóò fi ṣe tán, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, òtútù pọ̀, mo wọlé lọ mu tíì. Bí mo ṣe gbé ife sẹ́nu ni wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù tuwíìsì sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ijó tí à ń yí ìbàdí, tí à ń fi ẹsẹ̀ lọ ilẹ̀ bí ẹni ń tẹ aáyán pa ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Èbúté Mẹ́ta, ta ló tó mi í jó o? Mo máa ń yí lọ sílẹ̀ títí ìdí mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, n ó sì yí gòkè padà. Ìgbà tí mo wọ ìjọ ni mo pa á tì. Àìmọye ìgbà ni mo sì ti wàásù fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní Abbey Wood pé ìwọ̀ tí Èṣù fi ń mú ènìyàn ni ijó ayé. Ni ìyá òyìnbó kan, Maureen, ẹni ọgọ́rin ọdún, bá na ọwọ́ sí mi: “Come on, driver!” Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ bá ṣe? Mo jó o! Àwọn arúgbó ń pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú, ni mo bá lọ sílẹ̀ bíi tàtijọ́. Lílọ dùn; bíbọ̀ ló di wàhálà. Ìbàdí mi dún “kọ́!”, mo sì há síbẹ̀. Maureen àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá rìn ni wọ́n fà mí dìde.

Bí mo ṣe rá pálá wọlé, ìyàwó mi figbe ta: “Daddy Fọlá, kí ló ṣe yín?” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní mo kàn bẹ̀rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ni.

“Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ lásán ló jẹ́ kí waist yín lock báyìí? This one is not ordinary o!”

Kí n tó mọ̀, ó ti fi tó ìjọ létí. Wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí tuwíìsì tèmi! Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀mí gbé wòlíì obìnrin wa, ó ní òun rí obìnrin pupa kan, ìbátan wa, tó gbé oúnjẹ wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Auntie Bọ́lá, ló gbé mọ́ínmọ́ín wá bá wa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun náà sì pupa. Obìnrin yìí ló gbà wá sílé nígbà tí a kọ́kọ́ dé Woolwich, tó fún wa ní yàrá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀! Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kò ti gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Èmi ńkọ́? Wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó ṣe mí, mo ń ṣe àmín. Àbí ẹ kò rí i pé orí ara mi ni mò ń ṣépè lé?

Lẹ́yìn oṣù kan, mo ń ra iṣu ní Beresford Square nígbà tí ẹnìkan di ọwọ́ mi mú. Auntie Bọ́lá ni, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. “Daddy Fọlá, mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe. Maybe mọ́ínmọ́ín yẹn ti bà jẹ́, mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Òun nìkan ni mo ní ní London yìí.”

Ojú tì mí. Àárín ọjà níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó lanu sílẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó ti àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nujú, ó ní: “Ó yá, ilé yín, now now.”

Mo rò pé nítorí irọ́ tàbí nítorí ààwẹ̀ ni ìyàwó mi yóò fi bínú. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un tán, ó kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọ pàápàá, tí mo jẹ́wọ́ fún lẹ́yìn náà, ti dárí jì mí; wọ́n ní kí n máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìbàdí yìí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Auntie Bọ́lá lọ tán, ìyàwó mi yíjú sí mi. Kò pariwo.

“Níbi ìgbéyàwó wa, mo na ọwọ́ sí yín, ẹ ní ẹ kò mọ ijó jó. Ọdún méjìdínlógójì, Daddy Fọlá, mo gbà pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Maureen na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Òótọ́ ni. Àwọn àgbà ìjọ ló jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, ojú wọn ni mò ń wò, n kò wo ojú ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ ìyàwó rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ jó mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ na ọwọ́ sí obìnrin yìí?