Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Náà Tutù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Kò ṣe é gbàgbé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Màmá Bọ́sẹ̀ pè mí láti Iléṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é, àwọn tún fẹ́ ra ọkọ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

“Ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ o. Ti ìjọ́sí ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.”

Mo ní ẹ ṣeun, Màmá. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Torí ẹ̀gbọ́n wọn kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní Alekuwodo, ní Òṣogbo, ni mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe ẹ̀dà fún àwọn oníbàárà. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ̀ ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ wá ṣe ẹ̀dà, mo máa ń tẹ ọ̀kan fún ara mi. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo lè sọ, láì gbójú sókè, pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti ń rọ̀, tàbí pé bíárìn táyà rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Injiníà nìyẹn. Bí ojúlùmọ̀ mi kan bá fẹ́ ra ọkọ̀, èmi ni yóò mú dání. N kì í gba kọ́bọ̀.

Màmá Bọ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi tó ti dolóògbé. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ni wọ́n wá ń bá wa sùn nínú ilé títí ẹkún fi rọlẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n máa ń gbé e lọ sí Ẹ̀sà-Òkè àti àwọn ìlú tó wà lágbègbè ibẹ̀, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gbowó, bí bàbá wọn ti ṣe kí wọ́n tó bí wọn. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti ń gbé ẹrù aṣọ kiri. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ọkọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múfú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ mi ni. Èmi ni mo máa ń bá a ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ rẹ̀, tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó sábẹ́ wọn. Kì í sanwó fún mi. Kọ́kọ́rọ́ ló ń fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún ẹni tí kò ní ọkọ̀ rí ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, kí ó wà á yí ìlú ká, kí àwọn ojúlùmọ̀ máa juwọ́ sí i! Kò sí owó tí mo lè fi wé e nígbà náà.

Ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ fàdákà, tí inú rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀ rí. Mo wà á dé Dàda Estate. Ní àlọ, kò sí wàhálà. Ní àbọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, mo rí i pé bí jíà bá fẹ́ kúrò ní ìkejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, ọkọ̀ kò ní fà, bí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú un lójijì, gbogbo ara ọkọ̀ á sì mì. Mo páàkì. Mo fa irin tí wọ́n fi ń wọn epo jíà yọ. Epo jíà tó dára máa ń pọ́n bí omi sóbò. Ti ọkọ̀ yìí dúdú, ó sì ń rùn bí búrẹ́dì tó jóná. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn àwo inú jíà náà ti ń jó.

Mo sọ fún Múfú.  Ó ní, “Injiníà, ojú tìrẹ ló mú jù. Ta ló tún máa rí i?”

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má burú. Ó yẹ kí n ní, “Tún un ṣe kí o tó tà á.” Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kò sẹ́ni tó máa rí i bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Pààrọ̀ epo rẹ̀, kí o da oògùn tó ń mú epo ki mọ́ ọn. Má tan án kí oníbàárà tó dé, má sì jẹ́ kó wà á jìnnà.”

Múfú gbá mi léjìká. Ó ní, “Ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa pè ní ọ̀gá níbí.”

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn délé.

Kò pẹ́ sí i ni Màmá Bọ́sẹ̀ pè mí pé àwọn ti rí ọkọ̀ kan ní Òṣogbo, kí n wá bá àwọn wò ó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Múfú ni, ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ fàdákà náà sì ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù bí omi àmù.

Mo wo Múfú. Múfú wò mí.

“Injiníà mi, wò ó dáadáa o,” ni Màmá wí. “Bí o bá ní kò dára, ilé là ń lọ yẹn.”

Mo yẹ gbogbo ohun tó dára lára ọkọ̀ náà wò, mo sì ń ṣàlàyé wọn fún Màmá: bí bírékì ṣe mú tó, bí kò ṣe sí ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀, bí wáyà iná rẹ̀ ṣe jẹ́ èyí tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí Màmá mú dání wà á dé ìkóríta, ó padà. Jíà ń wọlé bí ọ̀bẹ tó ń wọ ẹ̀kọ. Mo ní, “Màmá, ọkọ̀ yìí dára.”

Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá ní kò dára, Múfú á sọ lójú wọn pé èmi ni mo kọ́ òun bí òun ṣe máa bò ó.

Màmá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà fún àdúrà, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Fúnkẹ́, pẹ́ dé. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Wọ́n ti ṣe àmín tán nígbà tí Màmá Fúnkẹ́ rìn yí ọkọ̀ ká, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, “Ó rẹwà. Àbúrò mi, rọra máa fi yangàn o. Irin ni, irin kì í mojú ẹni.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Fúnkẹ́ ṣe máa ń ṣe àwàdà. Wọn a máa fi pásítọ̀ gan-an ṣe é.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi kọ̀, lórí òkè kan ní ọ̀nà Ẹ̀sà-Òkè, tòun ti ẹrù aṣọ. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń yí padà sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ dẹ́rẹ́bà tó darí rẹ̀ sínú koríko. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n Màmá ṣèṣe léjìká.

Nígbà tí mo dé Iléṣà láti lọ kí wọn, èèyàn ti kún pálọ̀. Màmá ń sọ pé, “Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ọwọ́ wọn ló kẹ́yìn lára ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn àmín.”

Ẹnì kan ní, “Ẹ jẹ́ ká bi Injiníà. Injiníà, ṣé bí ọkọ̀ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Ó ya èmi náà lẹ́nu.”

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló tú ilé wọn. Bí èmi tí mo mọ ọkọ̀ bá ní ó yà mí lẹ́nu, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́ nìyẹn. Màmá Fúnkẹ́ wá pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́ pé àwọn fẹ́ búra. Màmá Bọ́sẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nígbà tí Fúnkẹ́ bímọ, Màmá Bọ́sẹ̀ kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Wọn kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo tún ṣe ohun kan tó burú lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí èjìká Màmá san, wọ́n lọ bá Múfú. Ó fi ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí wọ́n fọwọ́ sí hàn wọ́n, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí oníbàárà ṣe rí ọkọ̀ ló ṣe rà á, kò sí dídá padà. Màmá fi ìbínú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ṣé ó mọ ibi tí wọ́n ti bí mi ni?” ni wọ́n wí. “Màá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Bàbá mi lóṣòó sílé olóyè kan rí, títí ọkùnrin náà fi fi iyán sílẹ̀ tó lọ gbé owó aṣọ wá.”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, ṣe ń gbowó láyé àtijọ́. Wọn kò ní jà. Wọn á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní jókòó, wọn kò sì ní lọ, títí ojú yóò fi tì í.

Mo mọ̀ pé bí Màmá bá lóṣòó síbẹ̀, Múfú á jẹ́wọ́, orúkọ mi á sì jáde. Mo ní, “Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Òfin ò sí lẹ́yìn yín. Ẹ ti fọwọ́ sí i.”

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti ka òfin náà nígbà tí lọ́yà kan gbé e wá ṣe ẹ̀dà. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ẹni tó mọ̀ pé àbùkù wà lára ohun tó ń tà, tó sì bò ó mọ́lẹ̀, kò lè sá sẹ́yìn gbólóhùn kan lórí ìwé ẹ̀rí. Ó yẹ kí n sọ fún Màmá pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú jíà náà, kí wọ́n tètè kọ̀wé sí Múfú, kí wọ́n tọ́jú ìpolówó tí wọ́n rí lórí fóònù, kí mẹkáníìkì mìíràn kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Bí Múfú bá sì kọ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà wà, kóòtù náà wà. N kò sọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìpolówó náà gan-an, èmi ni mo kọ ọ́. “Jíà rẹ̀ le bí àpáta,” ni mo kọ síbẹ̀.

Màmá gbà mí gbọ́, wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n padà sórí ọ̀kadà. N kò bá Múfú ya fọ́tò mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tún ohunkóhun ṣe.

Sátidé ti ń súnmọ́lé. Mo ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan fún Màmá láì jẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́. Bí lọ́yà bá ní kò tíì pẹ́ jù, mo ṣe tán láti jẹ́rìí lòdì sí Múfú àti lòdì sí ara mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Bọ́sẹ̀ ni mo tàn jẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá wọn, ojú lè tì wọ́n débi pé wọ́n á ní kí n gbé e mì. Màmá Fúnkẹ́ ni mo bà lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá wọn, àbúrò wọn lè ní wọ́n bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ ni. Ilé àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, ojú títì kan náà ni.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn kí Sátidé tó pé. Gbèsè yìí tèmi ni, kò sì yẹ kí wọ́n wá bá mi nílé kí wọ́n tó gbà á. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí n kọ́kọ́ lọ lóṣòó sí?