Ọmọ Tí Wọ́n Sin Sídìí Ògiri

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ dá ìyìn tí ẹ ń yìn mí yẹn dúró ná. Dókítà ti sọ fún mi pé n kò ní rí ìkórè ólífì tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ máa ń bi mí ohun tó sọ èmi Rosalba Inzerillo, ọmọ apẹja ará ìlú Siracusa, di awalẹ̀pìtàn tó ń wádìí ilé àwọn ará Róòmù nígbà tí ìjọba wọn ń wó lọ. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Òtítọ́ rèé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi àti Tecla Failla ọ̀rẹ́ mi nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Spadaro kó wa lọ wa ilẹ̀ ilé ńlá kan nítòsí Noto. Gbọ̀ngàn tí olówó kan ti ń jẹun láyé àwọn ará Róòmù là ń wà. Nígbà tí olówó lọ tán, àwọn tálákà kó wọ ibẹ̀, wọ́n mọ ògiri játijàti gba àárín rẹ̀, wọ́n ń dáná lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya àwòrán sí. Àwòrán yẹn ni gbogbo wa ń wá, àfi Tecla. Ó ní, “Rosalba, àwọn tó mọ ògiri yìí ni mo fẹ́ mọ̀. Olówó nìkan ni gbogbo èèyàn ń sá tẹ̀ lé.” Mo ní, “Ìwọ àti ògiri ẹ. Kúkú fẹ́ ẹ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ kan ògiri náà títí wọn yóò fi yà á sórí ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn yòókù lọ jẹun, ó ku èmi nìkan. Mo rí ìrù ẹja aláwọ̀ búlúù kan nínú àwòrán náà tó yọ lábẹ́ ògiri. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n óò kọ́kọ́ rí ìyókù. Mo gbé dígà. Ògiri wó wẹ́rẹ́, n kò sì dúró. Dígà mi bá ìkòkò òróró kan tí wọ́n rì sídìí ògiri, ó fọ́. Egungun ìkókó ló wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn kan lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó sùn. Mo kó o sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo dà á mọ́ yẹ̀pẹ̀ tí à ń kó dànù. Mo lọ jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bèèrè pé, “Ta ló wó ògiri yìí?” Mo ní, “Tecla ló kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n.” Tecla wò mí. “Rosalba, èmi kẹ̀?” Wọ́n lé e, kò sì sí ibi ìwalẹ̀ tó tún gbà á. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ń wá ẹni tí yóò ṣe ìwádìí ilé àwọn tálákà yẹn, mo nawọ́. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ pé wọn kò sin òkú kankan sínú ilé náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Tecla lórí fóònù. Aṣọ ló ń rán ní Ragusa. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, “Ọmọ yẹn ńkọ́? Ibo lo dà á sí?” Mo ní wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ yẹn dí kòtò ojú títì. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì pa fóònù.

Mo jókòó, mo ń retí ẹkún, kò wá. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé dígà, bí ẹ bá fọ́ nǹkan, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì pa irọ́ tí mo kọ yẹn rẹ́ nínú ìwé mi. Wọ́n sin ọmọ kan síbẹ̀.