Ìyàwó Tó Ń Gbọ́n Omi

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Awoye ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó kan àti àǹtí rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an.

"Ta lo tún ń pè?"

"Àǹtí, àwọn tó ń gbé ìrẹsì bọ̀ ni."

"Ṣé ìwọ lo máa bù ú ni? Gbé fóònù yẹn wá, jàre!"

"Tí wọn ò bá tètè dé ńkọ́?"

"A ó jẹ ẹja! Ìyàwó kì í gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ. Àwa tá a tẹ̀ lé ọ, kí la wá ṣe?"

Ìyàwó náà gbé fóònù fún un.

Mo gbójú sómi. Nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó tèmi, fóònù wà létí ìyàwó mi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.