Wọ́n Ní Kí N Mú Lárúbáwá, Kí N Ju Èdè Mẹ́ta Tó Kù Nù

Aṣọ léèsì funfun kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Amùkòkò, inú ọ̀rá ló wà, ẹ̀gbẹ́ dígí la gbé e kọ́ sí. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an, ara mi ni mo sì rán an fún. Àwọn oníbàárà kì í yé béèrè pé èló ni, bàbá mi á sì dá wọn lóhùn pé kì í ṣe títà. Ìgbéyàwó tí mo torí ẹ̀ rán an kò wáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, síbẹ̀ bí mo bá ní mo kábàámọ̀, irọ́ ni mo pa. Èdè mẹ́rin ni mo kọ́ ara mi, lẹ́ẹ̀kan náà ni mo sì ń kọ́ gbogbo wọn: Faransé, Lárúbáwá, Potogí àti èdè àwọn ará Ṣáínà. Òun ni ẹbí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ fi ní mi ò yẹ ní ìyàwó ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún wá ránṣẹ́ sí mi, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán náà, bí mo bá ti rántí rẹ̀, ẹ̀rín á pa mí, inú á tún wá bí mi. Màá dé ibẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Èkó, àwọn àti ìyá mi tó ti jáde láyé, kí wọ́n tó bí mi. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Àpápá, ofarọ́ọ̀lù, la ń rán jù, èmi ni mo sì máa ń gbé e lọ fún wọn ní Creek Road. Bí bàbá mi bá ń sọ Yorùbá, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n dákẹ́: òwe lórí òwe, ẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀fẹ̀. Oníbàárà tó bá wá jà nítorí aṣọ tó pẹ́, ẹ̀rín ni yóò fi lọ sílé. Àfi ọjọ́ tí awakọ̀ tírélà kan láti Kùtọnu wọlé wá, tó na ṣòkòtò sí bàbá mi lójú, tó ń fi Faransé pariwo. Ohun tó ń wí kò yé wa. Bàbá mi dìde, wọ́n ń fọwọ́ júwe, wọ́n fi téèpù wọn itan ara wọn, wọ́n tún tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn kó lè yé e. Ọkùnrin yìí wò wọ́n, ó kọjú sí ọmọkọ̀ rẹ̀ níta, ó ń sín bàbá mi jẹ, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Háà! Bàbá mi tó lẹ́nu tó báyẹn, tó wá di odi nínú ṣọ́ọ̀bù ara wọn! Ó dùn mí wọra. Mo ní èyí ò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé lójú ẹ̀mí mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fóònù mi ni olùkọ́ mi. Faransé nìkan ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ Àpápá kọ́ la wà ni? Bí mo bá gbé aṣọ dé Creek Road, Potogí ni ìyá oníbàárà kan tó wá láti Àǹgólà ń sọ, àwọn ará Ṣáínà ń pariwo lẹ́nu wèrháòsì tí wọ́n ń kẹ́rù sí, Lárúbáwá tí mo sì ń kà ní ilé kéwú láti kékeré, mi ò lè fi í béèrè omi lọ́wọ́ èèyàn. Ṣé kí n wá yan ọ̀kan ni? Àǹtí Sílífá, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ gbọ́ pé mẹ́rin ni mo dáwọ́ lé. Wọ́n ké mọ́ mi: "Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ìwọ wá ń lé mẹ́rin!" Mo ní kí wọ́n má bínú, àmọ́ bí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, télọ̀ wo ni wọ́n rí tó ń rán aṣọ ẹnì kan parí kó tó gé ti ẹlòmíràn? Àwọn oníbàárà á fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn! Gbogbo kọ́là la máa ń gé pọ̀, gbogbo apá la máa ń rán pọ̀, ká tó wá máa so wọ́n mọ́ra. Bí mo ṣe gé èdè mi náà nìyẹn. Kíkí ni mo kọ́kọ́ kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ọmọ Yorùbá kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìkí i. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ònkà, lẹ́yìn ònkà ni mo kọ́ èjìká, ìbàdí, gígùn apá, títóbi àti kíkéré. Mo ń ṣàṣìṣe o! Mo ti fi Potogí dúpẹ́ lọ́wọ́ ará Ṣáínà rí, ó sì wò mí bíi pé orí mi dàrú. Àmọ́ ohùn Ṣáínà tí àwọn èèyàn ń sá fún, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ṣé ohun tí wọ́n á fi dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá nìyẹn?

Iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ dúró. Nítorí náà, mo máa ń ki íapíìsì bọ etí lábẹ́ hìjáàbù mi, fóònù á wà nínú àpò, ẹsẹ̀ mi á wà lórí másíìnì. Fóònù á sọ ọ̀rọ̀ kan, á dákẹ́ dè mí, èmi á sì tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti àárọ̀ títí di àsárì, ètè mi kì í dúró. Àwọn tó ń kọjá á wò mí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọlọ́hun á gbà á o." Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń ṣàdúrà fún, mo bá ń ṣe àmín. Àmín, mà. Àmín, sà. Ó ń yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé àdúrà pọ̀ ní àdúgbò wa tó báyẹn, ṣùgbọ́n ta ní ń kọ àdúrà? Ẹni tó ń ṣe é jù ni Àlàájà, ìyá Sàkírù. Bí wọ́n bá ti ń ti mọ́sálásí bọ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa, Ọlọ́hun á gbà á."

Sàkírù ọmọ wọn ń ta páàtì tírélà. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Bó bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá pé ká bá òun tún un rán, kò sóhun tó ṣe ṣẹ́ẹ̀tì náà, èmi ló wá wò. Òun mọ̀ nípa èdè mi. Òun gan-an ló máa ń ní kí n fi Ṣáínà ka páàtì fún òun, tí á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Nígbà tí Àlàájà wá bá bàbá mi pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn, inú mi dùn débi pé lọ́jọ́ náà ni mo gé aṣọ léèsì yẹn.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ẹbí méjèèjì jókòó sí pálọ̀ wa, Gódúwìn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ló bá wa to àga. Èmi wà nínú yàrá, mo bá ki íapíìsì bọ etí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Àǹtí Sílífá ké pè mí pé, "Ìyàwó, ó yá o!" Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀, wáyà íapíìsì kọ́ apá àga, ó sì já kúrò lára fóònù. Ni obìnrin inú fóònù bá lọgun gbólóhùn Ṣáínà kan tó gùn gbọọrọ. Ó dákẹ́, ó ń retí mi. Ẹnu mi sì ti mọ́ ọn lára. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, níwájú gbogbo àna, mo tún un sọ ketekete! Ẹ dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, torí ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé ìgbẹ́ wà?" Gódúwìn fò sókè: "Ah! Dis one na Chaina o!"

Àlàájà tẹjú mọ́ mi. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú aṣọ ọmọ yìí?" Mo yọ fóònù jáde, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tó ń wí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Kì í ṣe àsíkìrì, kì í ṣe orúkọ Ọlọ́hun ló ń pè?" Mo ní, "Àsíkìrì kẹ̀? Rárá, mà. Èdè ni mò ń kọ́, mà." Wọ́n ní, "Gbogbo 'Ọlọ́hun á gbà á' tí mò ń ṣe ńkọ́?" Mo ní, "Mo ṣe àmín sí i, mà." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, à bá ti rẹ́rìn-ín jẹun. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Àlàájà nu ẹnu wọn, wọ́n ní, "Obìnrin tó ń kọ́ èdè àwọn atukọ̀ òkun ní èbúté Àpápá níbí, kí ló fẹ́ fi ṣe? A mọ irú obìnrin tó ń bá atukọ̀ sọ̀rọ̀." Ara mi gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Àlàájà wá ní kí n fi Kùránì búra pé mi ò ní atukọ̀ kankan, kí n sì búra pé mo ti jáwọ́ nínú èdè kíkọ́, kí àwọn lè máa bá àdúrà lọ.

Mo wo Sàkírù. Gbólóhùn kan péré ni mò ń retí: "Màámi, mo mọ̀ nípa ẹ̀." Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀." Mo ní, "Mo lè búra pé mi ò ní atukọ̀ kankan, mà. Àmọ́ kí n jáwọ́ nínú èdè mi, rárá, mà." Èdè mẹ́rin ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, lórí ìkúnlẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n gbé igbá èso wọn, wọ́n lọ. Sàkírù tẹ̀ lé wọn.

Mo sunkún, ojú mi wú. Àǹtí Sílífá ní mo fi ẹsẹ̀ ara mi ta oríire mi nù. Mo mú abẹ kí n tú aṣọ léèsì náà palẹ̀, bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní aṣọ tó dáa kì í bàjẹ́ lórí ìkọ́, wọ́n sì gbé e kọ́ fúnra wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni awakọ̀ Kùtọnu yẹn tún dé, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà ló tún bá wá. Mo fi Faransé kí i, mo kí ìyàwó, mo kí ọmọ, mo kí mọ́tò. Ó ṣí fìlà. Bàbá mi ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní ìdí ṣòkòtò ń fún òun bó bá fẹ́ gun ọkọ̀ ni, ó sì ní ẹ kú iṣẹ́." Ẹ ò rí bí bàbá mi ṣe jókòó dáadáa! Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kó jókòó kí wọ́n jọ tún un wọ̀n. Mo làágùn kí n tó rí Faransé fi gbé òwe yẹn, ó lẹ̀ mọ́ra bí aṣọ alábùlẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ọkùnrin náà ti rẹ́rìn-ín gẹ́lẹ́ ló ti rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn! Inú mi dùn débi pé mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ rèé nu ojú mi. Àwọn awakọ̀ láti Kùtọnu àti Lómè ń wá báyìí tìtorí ẹnu bàbá mi. Ní mọ́sálásí, ẹni tí ò bi bàbá mi léèrè, wọ́n á sọ fún un: "Ọmọ mi obìnrin, èdè mẹ́rin!"

Iṣẹ́ tí wọ́n wá rán sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Ọ̀rẹ́ Sàkírù ló jẹ́ ẹ. Ó ní ọkàn Àlàájà ti rọ̀, ẹbí ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kí n mú Lárúbáwá, torí ìyẹn bá ẹ̀sìn mu, kí n wá ju mẹ́ta tó kù nù. Kí n jù wọ́n nù síbo? Ṣé èékánná ni, tí mo fẹ́ gé dànù? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Mo wá bi í pé, "Sàkírù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí lòun wí?" Ó ní, "Ó ní kí n bá òun kí ẹ."

Àǹtí Sílífá ní kí n gbà kíá, pé ọjọ́ orí kì í dúró de obìnrin. Bàbá mi ní àwọn ò ní dá sí i. Èmi náà sì ń fẹ́ràn ọkùnrin yìí síbẹ̀, bí mo bá rí ṣẹ́ẹ̀tì tó jọ tirẹ̀, àyà mi á já. Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Ẹ má gbà mí nímọ̀ràn lórí èdè mi o, ìyẹn ti parí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bá mi lọ, mo tilẹ̀ ti ń wo ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ Sàkírù ni kí ẹ bá mi dá sí. Ṣé kí n ṣì máa dúró dè é? Èmi kọ́ èdè mẹ́rin kí bàbá mi má baà ya odi mọ́. Yorùbá tí wọ́n bí òun sí wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ tí mò ń wojú rẹ̀, kò fi sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.