Ẹ̀gbọ́n Ni Mo Gún Lábẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ̀yin ará Ìkirè, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gún àwọn ọmọ wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti dè mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, mo sì ti pinnu láti tú u sílẹ̀. Ara mi le, n kò dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi Fúnmilọ́lá Fátókun, tí gbogbo yín ń pè ní Nọ́ọ̀sì Fúnmi, ni mo búra nílé ẹjọ́ tí mo sì parọ́, irọ́ náà ló sì fi ẹ̀tọ́ ọmọdébìnrin kan dù ú. Ẹ má ro pé irọ́ gígùn ni. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí padà, ọ̀rọ̀ tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àpòmù. Ìkirè ni mò ń gbé, àárọ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ, ọ̀sán ni mò ń wọkọ̀ bọ̀. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ràn kí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa bẹ̀rù mi díẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ dé nínú wọn, màá kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ gún òun fúnra rẹ̀ kí n tó fabẹ́rẹ́ gún ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Ràṣídátù gbé àwọn ìbejì rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Dòdò ni Ràṣídátù ń dín tà lẹ́bàá títì títí di òní, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Obìnrin ni ìbejì náà méjèèjì, wọn ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi, ó ku ti ẹnì kan péré. Mo ní, "Ìyá ìbejì, ẹyọ kan ló kù o. Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n wá. Kí àbúrò wá gba tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mò ń sọ. Táíwò ló kọ́kọ́ dáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ràṣídátù kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gbé Táíwò fún obìnrin tó jókòó tì í, ó sì gbé Kẹ́hìndé sórí itan.

Iwájú itan ni wọ́n ní kí a ti máa gún ọmọ ọwọ́, kì í ṣe ìdí. Wọ́n kọ́ wa, wọ́n tún wa kọ́, wọ́n sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn àga mi gan-an. Ṣùgbọ́n òtútù mú lọ́jọ́ náà, ṣòkòtò méjì ni Kẹ́hìndé wọ̀ lé ara wọn. Ràṣídátù ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ fún yín." Mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, àwọn èèyàn ń dúró. Mo dojú ọmọ náà dé sórí itan ìyá rẹ̀, mo fa ìbàdí ṣòkòtò wálẹ̀ díẹ̀, mo sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ ní ìdí. Nítorí ṣòkòtò! Igbe tí ọmọ náà ké kì í ṣe igbe abẹ́rẹ́ lásán. Mo ti gbọ́ igbe ọmọ tó pọ̀ tó láti mọ ìyàtọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. Mo fi òwú nu ojú abẹ́rẹ́, mo fa ìwé wa sọ́dọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìbejì Ràṣídátù, ẹ̀gbọ́n." N kò kọ orúkọ nítorí pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ kéré, ọ̀lẹ sì ni mí lọ́jọ́ náà látòkè délẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ràṣídátù ń wẹ ọmọ, ó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún Kẹ́hìndé kò ta mọ́. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkirè lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ló kan iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ náà, ó sì kọ ọjọ́ tó rí i sínú ìwé. Nígbà tó di ọjọ́rú kejì, Ràṣídátù gbé àwọn méjèèjì padà wá bá mi. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi wò ó. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò jẹ́ mi lóhùn." Mo ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó tún gbé Táíwò fún mi, mo gún un ní itan níbi tó yẹ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ìbejì Ràṣídátù, àbúrò." Ẹ ò rí bó ṣe fọkàn tán mi tó. Mo fẹ́ kó yé yín níbí pé oògùn inú ìgò kò ṣe nǹkan kan. Oògùn kan náà wọ ara Táíwò, ó sì ń sáré kiri títí di òní. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi máa pé ọdún méjì, Kẹ́hìndé ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan ní Ìkirè, Bólúwají, tó máa ń ra dòdò lọ́wọ́ Ràṣídátù, ló rí ọmọ náà tó sì béèrè ohun tó ṣe é. Òun ló bá wọn gbé ẹjọ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí àwọn tó gbà wá síṣẹ́ san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ. Ìtọ́jú yẹn ni Ràṣídátù ń wá, torí àwọn dókítà ní bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ náà, tí wọ́n sì fún un ní irin tí yóò máa gbé e ró, yóò rìn. Bí ìwé ẹjọ́ ṣe dé ni ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, pè mí sí ọ́fíìsì, tó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìwé wa, ó fi ìka lé e.

"Fúnmi, kí lo kọ síbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, sà."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni, sà."

Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. Ó ní, "Nínú ìwé ìbí ńkọ́, ta ni wọ́n kọ ṣáájú?" Mo ní Táíwò ni. Ó ní, "Ṣé o wá rí i? Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáyé ni ẹ̀gbọ́n. Táíwò lo gún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì lo tó gún Kẹ́hìndé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ kó tó dìgbà yẹn, ìwé dókítà wọn gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni abẹ́rẹ́ tí a ò tíì gún ṣe máa ba ẹsẹ̀ jẹ́?" Kò ní kí n pa nǹkan kan rẹ́. Kò ní kí n kọ nǹkan kan kún un. Mo rò ó lọ́kàn pé ìfẹ̀yìntì mi ku díẹ̀, mo sì dáhùn pé, "Ó yé mi, sà." Mi ò bá a jiyàn rárá, ìtìjú ìyẹn ṣì wà lára mi.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú adájọ́, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì sọ tèmi. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ọ̀rọ̀ náà má bàa yé Ràṣídátù tó jókòó sọ́ọ̀ọ́kán mi pẹ̀lú ọmọ méjèèjì lẹ́sẹ̀. Bólúwají dìde, ó ní, "Mà, nílé yín, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì?" Mo ní, "Nílé, Kẹ́hìndé ni. Lẹ́nu iṣẹ́, Táíwò ni." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn pé mo mọ èsì í fọ̀. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ní kí ìyá wọn gbé ẹ̀gbọ́n wá, Kẹ́hìndé ló máa gbé, àbí?" Ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní Táíwò ló gbé wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo ní àwọn ọmọ náà jọra, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ìyá wọn kò mọ èyí tó gbé fún mi. Ògbufọ̀ sọ èyí fún Ràṣídátù ní Yorùbá. Ó wo ọmọ kan, ó wo èkejì, ó tún padà wo ti àkọ́kọ́. Adájọ́ ní ẹni tó kọ ìwé ló mọ ohun tó kọ, ó sì da ẹjọ́ náà nù.

Mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n ya fọ́tò. N kò gba iwájú ilé Ràṣídátù mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ tí mo wọ̀ bà jẹ́ ní Àpòmù, iwájú agbada dòdò Ràṣídátù gan-an ló sì ti kú. Kẹ́hìndé jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń di dòdò sínú ewé. Ó ń pàṣẹ fún Táíwò pé kó lọ gbé èyí, kó lọ mú tọ̀hún wá, Táíwò sì ń sáré jẹ́ iṣẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àbúrò ṣe ń ṣe. Ràṣídátù rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ Kẹ́hìndé hàn mí, okùn dúdú kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mà, láti ọjọ́ kọ́ọ̀tù ni mo ti so ó mọ́ ọn, kí n má bàa ṣì wọ́n gbé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé mo ṣì wọ́n gbé lọ́jọ́ yẹn? Bó bá jẹ́ pé mo ṣì wọ́n gbé, kí n yéé ro ibi sí yín lọ́kàn."

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó ń tiro, tí afọ́jú pàápàá á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ìyá rẹ̀ ń so okùn mọ́ lọ́wọ́ nítorí ohun tí mo sọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Ìyá ìbejì, ẹ ò ṣì wọ́n gbé. Kẹ́hìndé lẹ gbé fún mi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń búra." Dòdò ń jóná nínú epo, Ràṣídátù kò bojú wò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́?" Mo ní màá sọ ọ́. Ó ní, "Ní Yorùbá?" Mo ní, "Ní Yorùbá."

A jọ lọ bá Bólúwají. Ó kìlọ̀ fún mi pé wọ́n lè fi ẹ̀sùn ìbúra èké kàn mí, pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Mo ní kó máa kọ ìwé rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, tó ti fẹ̀yìn tì sí oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Orílẹ̀-Òwu, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Fúnmi, ṣé orí ẹ pé? Má dárúkọ mi o." Mo dárúkọ rẹ̀, mo sì dárúkọ ara mi ṣáájú tiẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Lóṣù tó kọjá ni mo tún dúró síbẹ̀, Bólúwají ní, "Mà, ta ni ẹ gún lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ni mo gún. Kẹ́hìndé ni. Ibi tí kò yẹ ni mo ti gún un, ìyá rẹ̀ sì mọ ọmọ rẹ̀." Ràṣídátù kò dúró de ògbufọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa Kẹ́hìndé mọ́ra, ó fi eyín já okùn náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò san gbà-má-bínú, ìtọ́jú ẹsẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí irin náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Ó ti ń rìn láti ìdí bẹ́ǹṣì dé ìdí agbada láìdi Táíwò mú.

Ẹjọ́ tèmi ṣì ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n lọ sẹ́wọ̀n, màá lọ, n kò ní í bẹ lọ́yà kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ di abẹ́rẹ́ mú, ẹ bọ́ ṣòkòtò ọmọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ ní kíkún. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ ké gbàjarè lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì kéré tó láti tètè gbọ́ ìtọ́jú. Ọdún mẹ́fà tí mo fi dákẹ́ ló jẹ́ kí ti Kẹ́hìndé le tó bó ṣe le yìí.

Ràṣídátù ti ní òun dárí jì mí. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo gún, mo sì kúnlẹ̀ fún Kẹ́hìndé níwájú agbada ìyá rẹ̀, èmi tí mo tó bí ìyá rẹ̀, mo ní kó ṣàánú mi. Ó wò mí títí. Ó ní òun ṣì máa rò ó, pé lọ́jọ́ tí òun bá lè fẹsẹ̀ òun rìn láti ibùdókọ̀ Ìkirè dé ilé mi ni òun máa wá fún mi lésì. Mo ti ṣe àpèjúwe ilé fún un.