Ìka tí mo fi dí Lábọ̀dé lẹ́nu

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Sìdíkù àti ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Àìsàn yìí kò ní í fi mí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Rùkáyátù, ìyàwó bàbá yín tí wọ́n lé kúrò nínú ilé yìí pé àjẹ́ ni, kì í ṣe àjẹ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Lábọ̀dé, àkọ́bí mi, sún mọ́ mi, nítorí ẹnu rẹ ni mo lò.

Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tí àwọn Faransé ń kó ọkùnrin lọ sí ogun òkè òkun. Bí gáàdì, ọlọ́pàá wọn, bá wọ Kétu láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, wọ́n á ti fi okùn so àwọn ọ̀dọ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ sá kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá yín ní òun kò lè fi iṣu òun sílẹ̀ fún ọ̀bọ. Ó fara pamọ́ sí ahéré kan nínú igbó lápá Adakplamè, èmi àti ìwọ sì bá a lọ. Rùkáyátù, ìyàwó kékeré, dúró sílé pẹ̀lú ìyá ọkọ wa.

Bí ọmọ bá ń sunkún, ọmú la fi ń rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí inú rẹ bá dùn gan-an ni ìyọnu wa ń bẹ̀rẹ̀. Wàá yó, wàá máa tapá tẹsẹ̀, wàá máa ké ‘ba-ba-ba’. Bàbá yín á ní, ‘Pa á lẹ́nu mọ́, kí wọ́n má baà gbọ́ wa.’ Mo mú ewúro tí à ń fi í já ọmọ lẹ́nu ọmú, mo ń fi oje rẹ̀ pa ọ́ létè nígbàkígbà tí o bá dún, mo sì ń gbé ìka lé ètè ara mi. Kò pẹ́ tí o fi mọ ìka náà. Bí mo bá ti gbé e, wàá panu mọ́, wàá máa wò mí. N kì í kì ọ́ bí mo bá ń wẹ̀ ọ́. N kì í pe orúkọ rẹ. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, títí òjò ọdún kan fi rọ̀ tán tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀rù ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dẹ́kun kíkó èèyàn, a padà sí Kétu. O ti ń sáré kiri àgbàlá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ kò mú nǹkan kan jáde. Ìyá ọkọ mi lu ìkòkò lẹ́yìn rẹ, o yíjú. Ó ní, ‘Ọmọ yìí kò dití. Kí lẹ ṣe fún un lóko?’ Mo ní a kò ṣe nǹkan kan. Ojú ló tì mí.

Rùkáyátù kò bímọ. Òun ló ń gbé ọ tira bó bá ń yín àgbàdo. Ohun tí o bá wò, ohun náà ló ń dárúkọ. Á ní, ‘Adìẹ ni. Ó ń jẹ àgbàdo wa. Ṣé ká lé e?’ Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa wo ẹnu rẹ bí ẹni tó ń retí èsì àgbà. Bí o bá kùn lásán, á ní, ‘Ẹn-ẹ́n, o ṣeun, ká lé e.’ Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ‘Rùkáyátù, ṣé adìẹ ti dáhùn?’ Á rẹ́rìn-ín, á ní, ‘Ìyáàlé mi, ọmọ kì í dédé fọhùn. Ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń dá lóhùn.’ Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, bí ẹni pé ó mọ ohun tí mo ṣe lóko.

Lọ́jọ́ kan mo ru omi bọ̀, mo dé ẹ̀yìn ògiri, mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. O ní, ‘Ìyá, omi.’ Rùkáyátù lo ń bá sọ ọ́. Ó ń sunkún ayọ̀, ó ń pè mí, ‘Ìyáàlé mi, ẹ wá gbọ́.’ Èmi tí mo bí ọ, tí mo gbé ọ sá nínú igbó, ẹlòmíràn lo kọ́kọ́ pè ní ìyá. Ìlara gbé mi wọ̀. Mo já ọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún bàbá yín pé Rùkáyátù ló di ọmọ mi lẹ́nu, pé mo rí i tó ń pọfọ̀ sí ọ létí. Wọ́n pe àwọn àgbà ilé jọ. Rùkáyátù kò bẹ̀rù. Ó ní, ‘Ọmọ náà sọ̀rọ̀ lánàá. Ẹ jẹ́ kí n bi í, ẹ̀yin náà á gbọ́.’ Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó mú igbá omi dání, ó ní, ‘Lábọ̀dé, kí lo fẹ́?’ Mo rí i pé ètè rẹ yà. Mo wà lẹ́yìn àwọn àgbà, níbi tí ìwọ nìkan ti lè rí mi. Mo gbé ìka lé ètè mi. O panu mọ́. Ó tún bi ọ́, ó tún bi ọ́, omi igbá ń dà sí i lára. Ìwọ ń wo ìka mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ, o kò sì dún. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ni, kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Odomèta, nílé bàbá rẹ̀, ló padà sí. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n ní àwọn abiyamọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ó gbé ọmọ wọn. Bàbá yín kú láì mọ òtítọ́. Ìwọ Lábọ̀dé, o ti dàgbà gan-an kí o tó sọ gbólóhùn kan tó já gaara, títí dòní, bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, wàá kọ́kọ́ wo ojú mi. Aráyé ń pè é ní ọgbọ́n. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

Foríjì mí, ọmọ mi, bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ igbe lásán. Ẹ má sì bínú sí ẹni tó bá bá yín kọ́ ọ. Rùkáyátù ṣì wà láyé. Lábọ̀dé, lọ mú un wá. Ìwọ ni kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún gbogbo Odomèta pé irọ́ ni mo pa, má sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá dé, ẹ má ní kí ó rọra nítorí àìsàn mi. Ẹ fún un ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, kí ó sọ ohun gbogbo tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ náà. Bó gùn títí di ọ̀la, n óò gbọ́ ọ tán.